Láti Ìkòròdú lọ sí ìpàtẹ pínbọ́ọ̀lù ọdọọdún: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ti ní ẹ̀rọ nílé

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ pínbọ́ọ̀lù nílé ní Ìkòròdú, àpótí eré onígíláàsì tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù irin kiri fún máàkì, ti mọ̀ pé eré kọ́ ni ìṣòro òun, páàtì ni. Bí rọ́bà bá já, bí gílóòbù bá jó, bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá mú kí síwíìsì dípẹtà, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan láti Sábó títí dé Ìta Ẹlẹ́wà tí a lè wọ̀ kí a sì béèrè wọn. Àwọn mélòó kan nínú wa tí wọ́n ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ nídìí kọ̀ńtéénà ti ń bi mí léèrè nípa ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Pinball Expo, tí wọ́n ti ń ṣe ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1985: ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí sì ni ènìyàn ń ṣe níbẹ̀? Mo gbé Chicago fún ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó padà wá sí Ìgbógbó pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́ta nínú kọ̀ńtéénà, tí mo ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n pè wọ́n: Bally kan tí wọ́n ṣe ní 1981, Williams kan ti 1986, àti Gottlieb àtijọ́ kan tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá. Láti ìgbà náà, mo ti padà lọ sí ìpàtẹ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nínú ìrìn mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgbádùn ni mo jẹ bọ̀, díẹ̀ ni mo rí mú wálé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó kó ohun tí àwọn ẹ̀rọ mi nílò gan-an bọ̀, kì í sì í ṣe pé owó ọwọ́ mi pọ̀ sí i. Ìwé kan ni mo kọ kí n tó kúrò nílé. Ìwé náà ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín dá lé.

Irú ibi tí ìpàtẹ náà jẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi ìdíje ni. Ìdíje wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn yá ju ojú lọ sì máa ń kún ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó ń gbé àwa tí a ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà tí wọ́n to ẹ̀rọ sí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àtijọ́ àti tuntun, tí ẹni tó bá ti san owó ìwọlé lè gbá láìju kọ́bọ̀ kan sínú wọn. Ibi tí àwọn oníṣòwò páàtì pàtẹ sí wà lọ́tọ̀. Yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì wà, níbi tí àwọn tó ṣẹ̀dá àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fúnra wọn ti máa ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, tí wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè. Oṣù kẹwàá ni ó sábà máa ń bọ́ sí, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Chicago tí wọ́n fi ìpàtẹ yìí sí ní ìdí. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Gottlieb, Bally àti Williams wà nígbà ayé wọn, agbègbè ibẹ̀ náà sì ni Stern wà títí di òní. Gottlieb ni ó fi apá tí ń gbá bọ́ọ̀lù padà, èyí tí wọ́n ń pè ní flípà, sára ẹ̀rọ ní 1947, lórí èyí tí wọ́n sọ ní Humpty Dumpty. Ṣáájú ìgbà náà, ènìyàn kàn ń ta bọ́ọ̀lù ni, tí yóò sì káwọ́ gbera máa wo ibi tí orí bá gbé e sí. Ojú tẹ́tẹ́ ni ìjọba ìlú New York fi wò ó, tí wọ́n sì fòfin dè é láti 1942 títí di 1976, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Sharpe gbá ẹ̀rọ kan níwájú àwọn aṣòfin ìlú náà, tí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà, tí bọ́ọ̀lù sì gba ibẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìtàn yìí níbẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá, bí ẹni ń gbọ́ oríkì. Ẹ má ṣe já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu.

Ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀

Ní nǹkan bí oṣù keje, ẹ ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri pátápátá. Pípa jẹnẹrétọ̀ nìkan kò tó, nítorí iná ìjọba lè dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ fa gíláàsì orí rẹ̀ yọ, ẹ kó àwọn bọ́ọ̀lù jáde, ẹ gbé pátákó ìṣeré sókè kí ẹ sì fi nǹkan gbè é, kí ẹ wá jókòó tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ìwé àti bírò. Ohun tí ẹ ń kọ ni mo ń pè ní ìwé àìsàn. Kì í ṣe ohun tí ọkàn yín fẹ́ rà ni ẹ ó kọ sí i, ibi tí ń dun ẹ̀rọ ni.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn ẹ̀rọ tí Bally fi kọ̀ǹpútà sí láti 1977 ní bátìrì kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ ojú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà náà wà lórí rẹ̀. Ti Williams ń lo bátìrì kéékèèké mẹ́ta bíi ti tọ́ọ̀ṣì nínú ilé rẹ̀. Bátìrì tó gbó máa ń tú omi jáde, omi náà yóò jẹ ọ̀nà kọ́pà tó wà lójú bọ́ọ̀dù, yóò sì máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé níbẹ̀, kódà bí ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀. Wọ́n ń ta ilé bátìrì tí a lè fi wáyà gbé jìnnà sí bọ́ọ̀dù ní ìpàtẹ, wọ́n sì ń ta ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní NVRAM, tí ó ń rántí máàkì láìlo bátìrì rárá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fọwọ́ sí ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, àmọ́ ẹ ní láti mọ irú èyí tó bá bọ́ọ̀dù yín mu kí ẹ tó dé iwájú oníṣòwò.

Lẹ́yìn bátìrì, ó kan kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé tí ń di òòfà bí iná bá gba inú rẹ̀, tí ó sì ń fa ọ̀pá irin. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ dà á kọ bí ẹ ṣe bá a, ẹ má fo àmì kankan. Ti apá Bally mi ni AQ-25-500/34-4500. Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni pé wáyà ìwọ̀n 25 ni wọ́n wé ní ìgbà 500, tí wọ́n sì wé wáyà ìwọ̀n 34, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ní ìgbà 4500 pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó nípọn ni ó ń fi agbára gbé apá sókè. Bí apá bá ti dé òkè tán, síwíìsì kékeré kan tó wà ní ìdí rẹ̀ yóò ṣí, iná yóò sì gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lágbára láti gbé apá ṣùgbọ́n tí ó lè dì í mú síbi tó wà. Bí síwíìsì yẹn bá lẹ̀ pọ̀ tí kò ṣí mọ́, inú wáyà tó nípọn ni iná yóò máa gbà títí yóò fi jó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe rí nílé mi ní ọjọ́ Kérésìmesì kan: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di bọ́tìnnì mú, ó ń retí kí bọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, kí a tó sọ pé kí ni ó ń rùn, èéfín ti ń rú jáde nínú àpótí bí ẹni ń yan ẹja ní Èbúté.

Ọ̀gá kan tó ń wé mọ́tò ẹ̀rọ ìfami ní Sábó ni ó bá mi wé kọ́ìlì náà ní ọjọ́ méjì. Kò rí pínbọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni mo kà fún un, ó sì ń ka wáyà lọ. Nítorí náà, kọ́ìlì tí a lè wé nílé kò yẹ kí ó gba àyè nínú báàgì tí wọn yóò gbé sórí ìwọ̀n. Ohun tí a kò lè ṣe nílé ni àwọn tó yí kọ́ìlì ká: ike tó wà nínú ihò rẹ̀, ọ̀pá irin tó ń sáré wọlé-jáde, irin tó ń dá ọ̀pá náà dúró, àti síwíìsì kékeré tí mo sọ yìí. Wọ́n máa ń dì wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye apá tí ẹ̀rọ yín ní. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a sọ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni Bally mi ní, méjì ni mo sì rà ní ìrìn àkọ́kọ́, nítorí pé orí ni mo fi kà á.

Orí kan náà ni ó tún tàn mí nípa gílóòbù. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní 555 ní ọ̀pọ̀, mo sì ra ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé 44 ni Bally mi ń lò, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, tí a máa ń tì wọlé kí a tó yí i. 555 kò ní irin ní ìdí, gíláàsì pẹlẹbẹ ni ó fi ń wọlé. Púpọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náà ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ yọ gílóòbù kan ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó ń fi ínfátà gbá ẹ̀rọ rẹ̀ ní láti mọ̀ pẹ̀lú pé 44 ń fa iná 0.25 ámúpù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí 47 tí wọ́n jọ ní ìdí kan náà ń fa 0.15, tí LED sì kéré sí méjèèjì dáadáa. Bí ẹ bá ka gílóòbù ẹ̀rọ kan tó ọgọ́ta, ẹ ó rí i pé bátìrì ínfátà yín ni ẹ ń dá sí bí ẹ bá yan èyí tó ń fa iná díẹ̀.

Rọ́bà rọrùn: inú òrùka rẹ̀ ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yìn, iye tí ẹ nílò ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó sì kọ. Ẹ wo ìdí wáyà bóyá eku ti jẹ ẹ́. Ẹ wo àwọn púlọ́ọ̀gì kéékèèké tó so wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù bóyá wọ́n ti pọ́n bí búrẹ́dì tó jó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo tiransifọ́mà. Iná wa jẹ́ 230 fóòtì, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni a lè yí ìdè tiransifọ́mà rẹ̀ padà kí ó lè gba iná tiwa, àwọn mìíràn sì ń lo tiransifọ́mà ìta tó ń rẹ iná sílẹ̀ kí ó tó wọlé. Ẹ kọ èyí tí tiyín jẹ́, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n fíúsì ẹnu iná, nítorí bí wọ́n bá ti yí ìdè náà, fíúsì tí ìwé Amẹ́ríkà ń sọ kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ mọ́.

Ní ìkẹyìn, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tí ẹ kọ nǹkan nípa rẹ̀ sínú fóònù yín, kí ẹ kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè kí ibi tó wà lè hàn, kí ẹ tó wá yà á ní kòrókòró. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọ́tò tí kò fi ìwọ̀n hàn ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni.

Ọ̀nà

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tí kò bá ní físà Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ dúró di oṣù keje kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni kí ó ti máa ronú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọn yóò ti ṣe ìpàtẹ ní ọdún tí ẹ fẹ́ lọ, nítorí ó ti ṣí kúrò láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn rí. Schaumburg ni mo ti bá a kẹ́yìn, ẹ̀yìn odi Chicago, kò sì jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú O'Hare. Ẹ gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì náà gan-an bí agbára bá ká a, torí ẹsẹ̀ yóò ro yín, ẹ ó sì fẹ́ sinmi lọ́sàn-án kí ẹ tó padà wá. Òtútù máa ń mú ní oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ tí ẹ ó wọkọ̀, ẹ fi Ìkòròdú sílẹ̀ ní òwúrọ̀ bí ọkọ̀ yín tilẹ̀ jẹ́ ti alẹ́. Ẹni tó bá ti há sí Maili Kéjìlá rí kò nílò àlàyé.

Nínú gbọ̀ngàn

Páàtì tuntun kì í tán. Oníṣòwò tó kó rọ́bà wá kó o wá ní àpò-àpò, bí ẹ bá sì pàdánù rẹ̀ lónìí, ẹ ó rí i lọ́la. Páàtì àlòkù ni ó ń tán: bọ́ọ̀dù tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ tó ti kú, gíláàsì aláwòrán tó ń dúró ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ike tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá wọlé. Nítorí náà, ní wákàtí àkọ́kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tábìlì àwọn alálòkù ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí pẹ̀lú ìwé àìsàn lọ́wọ́, kí ojú yín má sì ṣe kọjá ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú owó pépà dání, dọ́là kéékèèké pàápàá. Wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi tiwa. Ẹni tó bá gé owó sí ìdajì bí ẹni ń ná ẹja yóò rí i pé wọn kò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ dárúkọ iye kan tó sún mọ́ tiwọn, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí wọ́n bá ń ro bí wọn yóò ṣe kó ẹrù padà, àwọn fúnra wọn ni yóò pè yín.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó máa gbá ẹ̀rọ, èyí tí ẹ ó sì kọ́kọ́ wá ni irú tiyín. Ó lè ṣòro fún ẹni tó rin ìrìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì láti lọ gbá ohun tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Ẹni tó dá ní ẹ̀rọ kan ní Ìkòròdú kò ní ibi tí yóò ti fi tirẹ̀ wé òmíràn. Bí ó bá ń ṣàìsàn láti ọdún márùn-ún, àìsàn náà ni yóò máa pè ní ìwà rẹ̀. Mo bá irú Williams mi níbẹ̀, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù sì ń já wálẹ̀ sọ́dọ̀ mi bí òkò. Tèmi nílé máa ń rọra yí wá ni, mo sì ti gbà pé ọjọ́ ogbó ni. Olówó ẹ̀rọ náà gbé fóònù rẹ̀ lé orí pátákó, ó ṣí ohun tí ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀, ó fi hàn mí: 6.5 dígírì, èyí tí ó yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo gbé fóònù tèmi lé e, ó lé díẹ̀ ní 4. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì ni mo yí sókè. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ ra kọ́ìlì apá tuntun nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní kọ̀ǹpútà, bíi Gottlieb mi, kò fẹ́ kí a dà wọ́n gẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi 3.5 ni tiwọn.

Bí ẹ ṣe ń gbá a, ẹ fetí sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kan àwọn olórí róbótó tí ń ta á dànù, ìró tó ń ti ibẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó sì yára. Bí tiyín nílé bá ń dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, síwíìsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé. Ẹ fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù wọn wò bí wọ́n bá gbà fún yín. Bọ́ọ̀lù tuntun wúwo tó nǹkan bí 80 gíráàmù, ara rẹ̀ sì dán bíi dígí. Èyí tó ti dípẹtà tó sì ti rí gbàgungbàgun a máa họ ọ̀dà pátákó ìṣeré bí ẹni ń fi yẹ̀pẹ̀ fọ àwo. Bọ́ọ̀lù kò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí a lè rà níbẹ̀, òun ni ó ń dá ẹ̀mí ẹ̀rọ sí jùlọ.

Nípa ìwà: ẹ má gbé ohun mímu sórí gíláàsì, ẹ má ti ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni débi tí yóò fi pa ara rẹ̀ kú, bí ènìyàn bá sì dúró lẹ́yìn yín, ẹ gbá ẹyọ kan kí ẹ sì yẹra fún un. Ẹ̀rọ tí ẹ ń gbá yìí, ẹnìkan ni ó fi ọkọ̀ gbé e wá láti ilé rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sọ fún wọn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni ìṣúra ìpàtẹ náà. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì máa ń jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe. Mo kí ọ̀kan nínú wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì ń pè é ní “sà”. Ó ní kí n máa pe orúkọ òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo sì ṣàlàyé fún un pé bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo pe ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ lórúkọ, n kò ní sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lálejò, ó sì bojú wo gbogbo fọ́tò inú fóònù mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bọ́ọ̀dù Williams mi tí mo ti kọ sílẹ̀ láti rà, ó ní kò ṣe nǹkan kan; ó fi ìka kan púlọ́ọ̀gì tó pọ́n nínú fọ́tò, ó ní ibẹ̀ ni iná àwọn gílóòbù kì í ti í kọjá dáadáa mọ́. Púlọ́ọ̀gì náà kò tó dọ́là márùn-ún. Láìsí fọ́tò yẹn, ìyá bọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ rà. Ẹ má ṣe pẹ́ lọ́dọ̀ wọn bí àwọn ẹlòmíràn bá ń dúró, ẹ sì lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ó kéré tán. Ìbéèrè tí ẹ bá béèrè níbẹ̀ ni yóò mú kí wọ́n dá yín mọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Bí ojú bá wọ odindi ẹ̀rọ

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má rà á. Ẹ̀rọ kan wúwo tó nǹkan bí 110 sí 135 kìlógíráàmù, kò sí báàgì tí yóò gbà á, owó kọ̀ńtéénà àti ti ibodè sì lè ju owó tí wọ́n tà á lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Bí ẹ bá ti ní ẹni tó ń kó ẹrù wálé láti ibẹ̀, tí ó sì ní àyè, ẹ kọ́kọ́ ní kí olówó rẹ̀ ṣí i. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀: òórùn omi àti ti ohun tó ti bu ń fi ilé abẹ́lẹ̀ tó kún fún ọ̀rinrin hàn. Ẹ wo bátìrì àti púlọ́ọ̀gì gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wò wọ́n nílé. Ẹ fi ìka tọ́ ojú pátákó ìṣeré níbi tí àwọn ike oníná wà, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ti jìn wọlé tàbí tí wọ́n yọrí síta, torí bọ́ọ̀lù yóò máa fo níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn gíláàsì aláwòrán. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí yóò tàn bí ìràwọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń ju owó sí, bọ́tìnnì wà tí ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà fi ń dán ara rẹ̀ wò. Ẹ ní kí ó tẹ̀ ẹ́ fún yín, kí ẹ dúró títí gbogbo kọ́ìlì yóò fi jẹ́ orúkọ wọn. Olówó tó bá ní àyè kò sí fún èyí ti dá yín lóhùn.

Dídi ẹrù

Ìwọ̀n báàgì kan sábà máa ń jẹ́ kìlógíráàmù 23, irin kì í sì í pẹ́ kún un. Bọ́ọ̀dù yẹ kí ó wà nínú ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí iná tó ń ti ara ènìyàn jáde bà á jẹ́, nínú báàgì ọwọ́. Bọ́ọ̀lù irin àti ọ̀pá kọ́ìlì, inú báàgì tí ẹ fà lé wọn lọ́wọ́ ni mo ń kó o sí, nítorí n kò ní agbára àti máa ṣàlàyé ìdí tí irin róbótó mẹ́wàá fi wà lápò mi ní ibi àyẹ̀wò. Bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ kankan gbọdọ̀ bá yín wọ inú ọkọ̀, kì í wọ báàgì abẹ́. Ẹ má ra agolo ohun ìfọ̀ síwíìsì tí ń fọ́n, bó ti wù kó dára tó. Ohun tó ń gbiná ni, wọn yóò gbà á.

Ẹ má sì ra gíláàsì aláwòrán. Mo ra ọ̀kan fún Gottlieb mi ní ìrìn kẹta, mo fi kóòtù òtútù mi wé e, mo tún fi páálí mẹ́ta bò ó, mo sì lẹ ìwé mọ́ ọn ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé nǹkan fífọ́ ni. Nígbà tí mo gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà, ó ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ mẹ́ta, n kò gba èsì kankan. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí ike, irú èyí tí ẹ̀rọ ìgbà tó kẹ́yìn ń lò, ṣeé ká sínú páìpù páálí, ìyẹn lè wálé láìséwu. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì sí ibi tí ọwọ́ lè tètè tó, nítorí aṣọ́bodè tó bá ṣí báàgì yín kò ní mọ ohun tí ó ń wò, àlàyé kúkúrú pẹ̀lú ìwé owó ọjà sì sàn ju àlàyé gígùn lọ.

Nígbà tí ẹ bá padà dé

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ohun kan sí i, ẹ tan án, ẹ gbá a fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó kan èkejì. Bí ẹ bá pààrọ̀ ohun mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà tí nǹkan sì bàjẹ́, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ ó dì mú. Fíúsì àti bátìrì ni kí ó ṣíwájú, rọ́bà àti bọ́ọ̀lù ló tẹ̀lé e, kí apá kẹ́yìn. Mo ní ìwé kan tí mo fi ìṣó rọ́bà kàn mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí mo ń kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ nǹkan àti nọ́ńbà ohun tí mo fi sí i. Ní ìsàlẹ̀ ti Williams, mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: “Apá òsì, ó ń rọ díẹ̀ bí ó bá ti gbóná.”